Ẹ Má Tún Kẹ̀kẹ́ Yẹn Ṣe

Tí ẹ bá dé èbúté Dublin, tí ẹ ní kí wọ́n fi ẹni tó mọ kọ̀nténà kó jù hàn yín, èmi ni wọn ó nawọ́ sí. N ò fi ṣe fáàrí, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Jímọ́ọ̀ ni wọ́n sọ mí, Jimmy ni àwọn ará ibí ń pè mí, ìwé kẹrin ni mo sì kà dé n'Ìbàdàn kí n tó sá kúrò nílé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, àwọn tó gboyè yunifásítì méjì-méjì ti jókòó síwájú mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, tí wọ́n ń kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀. Ṣadé ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ìrírí yìí sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Mo ti rí oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àyà mi já jù lọ ni ọjọ́ tí Màdáámù Akuol, ẹni tó ń gba ẹrù wa lọ́hùn-ún, pè mí lórí fóònù láti Gúúsù Sùdáànì. Ìyìn ni mò ń retí. Mo tilẹ̀ ti fi fóònù sórí sípíkà kí ìyàwó mi lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn mí. Akuol ní, "Jimmy, kẹ̀kẹ́ yín ti dé. Gbogbo ẹ̀ ló ń dán yinrin. Ẹ ti dá wa lóró."

Ìyàwó mi wò mí. Mo pa sípíkà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wá wá ibi ìsádi sí ìlú yìí. Nígbà tí ìwé ìgbélùú mi jáde, iṣẹ́ fọ́kílíìfù ni mo rí ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté. Fọ́kílíìfù ni ọkọ̀ kékeré tó ní ìka irin méjì níwájú, tó ń fi wọ́n gbé ẹrù bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ. Láàárín ọdún kan, mo lè fi ìka irin yẹn gbé ẹyin kí n má fọ́ ọ. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí ẹlòmíì kó ẹrù ẹlẹgẹ́ tí mo bá wà nítòsí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ mẹ́ta kó ẹrù wá sí ọgbà wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fẹ́ ràn lọ́wọ́, ìlú kan tí kò jìnnà sí Juba ní Gúúsù Sùdáànì, tí ogun ti gbò jìgìjìgì. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò Clonsilla kó kẹ̀kẹ́ àlòkù tí wọ́n ń tún ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì wọn wá. Olórí wọn ni Fintan, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì. Àwọn ìyá Nàìjíríà ní àdúgbò Ongar, tí ìyàwó mi wà lára wọn, kó aṣọ wá. Àjọ aṣèrànwọ́ ńlá kan láàárín ìgboro ló gba kọ̀nténà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Niamh ló ṣojú fún wọn. Ọmọlúàbí ni Niamh, àmọ́ ó fẹ́ràn ìpàdé bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì.

Ìjà ni wọ́n ń jà nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Nínú iṣẹ́ wa, ẹrù tó bá wọ kọ̀nténà kẹ́yìn, tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, òun ló kọ́kọ́ ń jáde. Olúkúlùkù ló fẹ́ kí ẹrù tòun wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí òun ló kọ́kọ́ yọ nínú fọ́tò tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi ní aṣọ ni. Fintan ní kẹ̀kẹ́ ni. Niamh ní bóyá kí wọ́n pe ìpàdé.

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú fọ́kílíìfù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gba ẹrù yìí lọ́hùn-ún?"

Wọ́n ní Akuol ni.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi í èwo ló fẹ́ kó kọ́kọ́ jáde?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ wo àwọn ọ̀mọ̀wé! Mo gba nọ́ńbà, mo pè é lójú wọn. Akuol ní ọ̀dọ̀ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni lọ́rì máa kọ́kọ́ dúró, lẹ́yìn náà ni kó lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, nítorí náà kí kẹ̀kẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tán. Ìyàwó mi bínú sí mi fún ọjọ́ méjì, àmọ́ láti ọjọ́ náà, èmi ni mo di alákòóso fún ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Niamh tẹ káàdì fún mi tí orúkọ mi wà lórí ẹ̀. Mo ṣì ní ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́, màá fún yín ní ọ̀kan.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ wà fún rèé. Akuol kó ọ̀dọ́ méjìlá jọ, àwọn tó jẹ́ pé ìbọn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n dì mú látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, torí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé omi, tí wọ́n fi ń gbé ọjà, tí wọ́n sì fi ń gbé aláìsàn lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ìlú fún wọn ní ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń kó òwú sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn ní: tó bá di ìgbà ìkórè, táwọn bá kọjá níbẹ̀ táwọn ò gbọ́ ìró iṣẹ́, àwọn ó gba ilé àwọn padà.

Èmi wá ṣe ohun tí mo rò pé ó dáa. Mo sọ fún Fintan pé kò sí kẹ̀kẹ́ kan tó máa wọ kọ̀nténà Jimmy tí bíréèkì ẹ̀ kò ní mú ṣinṣin. Mo gun ìkọ̀ọ̀kan wọn yí ọgbà po kí n tó gbé e sínú. Fintan lo oṣù mẹ́rin lórí wọn. Ó fọ ṣéènì, ó pààrọ̀ àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí, ó fi epo kun ohun tí kò tilẹ̀ nílò epo. Nígbà tí a ti kọ̀nténà, mo fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀ gbà-gbà. Mo ní àwọn ọmọ yẹn á mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ ló kó èyí wá.

Wọ́n mọ̀ lóòótọ́.

Akuol ní, "Jimmy, ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ará ìlú fi gbé gbogbo kẹ̀kẹ́ yẹn lọ. Àwọn ọmọ mi méjìlá wá jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màdáámù. Ṣebí á bàjẹ́ láìpẹ́?"

"Èwo ló máa bàjẹ́? Fintan yín ti dè é bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọdún méjì ò ní tó. Ìkórè sì ku oṣù mélòó? Deng ò wá fún ọjọ́ mẹ́ta báyìí. Àwọn tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́sí ti tún ń ránṣẹ́ sí i."

Mo mọ Deng, ọ̀kan nínú àwọn méjìlá yẹn, lórí fídíò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga bí òpó iná, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ Akuol ní òun ò rí ọwọ́ bíi tiẹ̀ rí. Mo pa fóònù, mo jókòó sí ilé ìdáná wa ní Ongar. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, n ò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Kí n tó wá sí ìlú yìí, fọkanáísà ni mí ní Ìwó Road. Ọ̀gá Múdà tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù láìgbàdúrà, àdúrà ẹ̀ kì í sì í gùn: "Ọlọ́run, jẹ́ kí táyà jò lónìí. Má jẹ́ kí ẹni tó ni ín fara pa. Má sì jẹ́ kó jò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi." Gbogbo àwa ọmọṣẹ́ á ṣe "Àmín" tagbáratagbára. Ohun tó bàjẹ́ ló bọ́ mi dàgbà. Ohun tó bàjẹ́ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi wọ bàálù. Èmi yìí kan náà ni mo wá kó kẹ̀kẹ́ tí kò lè bàjẹ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ méjìlá! Wàláì, èmi nìkan bẹ́ sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná yẹn. Ìyàwó mi rò pé mo ti ń ṣàìsàn.

Kọ̀nténà kejì máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ṣẹ́ẹ̀dì Fintan ní Clonsilla lọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti tún ṣe ti tò sára ògiri bí ọmọ ìjọ tó ń dúró de àlùfáà. Fintan jókòó ti ìkan, sípánà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń súfèé.

Mo ní, "Bàbá Fintan, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má tún kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe."

Ó ní, "Jimmy, ṣé o ti mu nǹkan ni?"

"N ò mu nǹkan kan. Bó ṣe bàjẹ́ la fẹ́ kó o lọ."

"Kí n kó pàǹtí ránṣẹ́ sí Áfíríkà? Kí wọ́n máa wí lọ́hùn-ún pé Fintan ò mọ iṣẹ́?"

"Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ gan-an ló fa wàhálà. Ẹ ti mọ̀ ọ́n jù!"

Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé kẹ́tù kaná, ó po tíì, ó sì bu ife kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ireland ló máa yé. Tí ará ibí bá bú yín, ẹ lè má kà á sí. Àmọ́ tó bá po tíì lójú yín tí kò fi lọ̀ yín, ẹ wá bàtà yín.

Niamh pe ìpàdé, inú ẹ̀ sì dùn láti pè é. Ṣadé tẹ̀ lé mi lọ kó lè bá mi sọ èyí tó bá le lédè òyìnbó. Niamh ní, "Jimmy, ìlànà àjọ wa ni pé a kì í kó ohun tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ iyì ni. Wọ́n ti lo ilẹ̀ Áfíríkà bí ààtàn tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dára, n ò lè parọ́. Èmi náà kò fẹ́ kí ilẹ̀ wa di ààtàn. Mo ní, "Màdáámù Niamh, kẹ̀kẹ́ tí kò ṣe é tún ṣe mọ́, ààtàn nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tó ń dúró de ẹni tó máa tún un ṣe, iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ti fún àwọn ará ìlú ní kẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun. Àwọn ọ̀dọ́ méjìlá yẹn ò bèèrè kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n bèèrè. Iyì wo ló wà nínú kí géńdé jókòó máa wo ohun tí ẹlòmíì ti ṣe parí?"

Ṣadé ní, "What me da is saying is…"

Mo ní, "Ohun tí mo sọ náà ni mò ń sọ. Jókòó."

Niamh rẹ́rìn-ín, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ ìkọ̀ọ̀kan wò, kó jẹ́rìí pé ó ṣe é tún ṣe, kí àwọn má bàa kó òkú irin lọ. Ta ló lè ṣe é? Gbogbo wa yíjú sí Fintan.

Ó ní, "Ẹ fẹ́ sọ mí di dókítà tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan aláìsàn."

Mo ní, "Irú ẹ̀ ló wọ́n jù, Bàbá. Èyí tó ń fọwọ́ kàn án pọ̀ ní ìgboro."

A jáde, a wọ bọ́ọ̀sì. A dé ṣẹ́ẹ̀dì, ó yẹ àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń dán lára ògiri wò níkọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Jimmy, tá a bá tú àwọn nǹkan wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́, mélòó ló máa wọ inú àpótí rẹ yẹn?"

Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ti dé àgbàlá mi nìyẹn. Mo ní tí a bá yọ ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ ẹ̀, tí mo bá to egungun ẹ̀ ní orí-sí-ìdí bí ẹja inú agolo, màá kó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ gan-an á máa tọrọ àyè. Fintan gbé kẹ́tù kaná. Ife méjì ló gbé sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, n ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn bàbá arúgbó mẹ́fà ń ba ohun tí wọ́n ti tún ṣe jẹ́! Ẹ̀rín ń pa wọ́n bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ò sí nílé. Wọ́n ń tú ṣéènì, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ inú táyà sílẹ̀, wọ́n dá bíréèkì tó ti jẹ padà sídìí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti yọ ọ́. Fintan ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó ń kọ àìsàn ìkọ̀ọ̀kan sára ẹ̀: èyí, jíà, èyí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí, àìsàn méjì pọ̀. Ó wú u lórí débi pé mo fi fídíò pe Akuol kó lè rí i.

Akuol wò ó, ó wò ó. Ó ní, "Ẹ sọ fún Bàbá pé a dúpẹ́. Kí wọ́n pa á rẹ́."

Fintan ní, "Kí n pa kí ni rẹ́?"

"Ohun tí ẹ kọ. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ àìsàn fún, kí ló kù tó ń wá? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi fúnra wọn rí i."

Ìyẹn ló dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fi apá súwẹ́tà ẹ̀ nu gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó ń ráhùn lábẹ́lẹ̀. Ó na ìka sí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan, ó ní, "That yoke, nǹkan yẹn? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá ohun tó ń ṣe é. Wọn ò ní rí i láé."

Mo ní, "Wọ́n máa rí i."

"Láé, Jimmy."

Mo kó kọ̀nténà yẹn fúnra mi, n ò jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi dá sí i. Mo fi àwọn irinṣẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo kó o tán, mo na ọwọ́ káàkiri láti wá ibi tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀, n ò rí i. Ọkọ̀ ojú omi gbé e títí dé Mombasa, lọ́rì gba Uganda kọjá. A dúró. Ẹ má béèrè bí àyà mi ṣe rí nígbà yẹn, nítorí ìkórè ti ń kan ilẹ̀kùn, Deng kò sì tíì padà.

Nígbà tí ẹrù dé, Akuol ṣe ohun tó mú mi gbà pé òun ni ọ̀gá, pé ọmọṣẹ́ lèmi. Kò lọ bẹ Deng. Ó kàn ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí àwọn mọ́kànlá tó kù ti tú u palẹ̀, tí wọn ò mọ ohun tó ń ṣe é, pé wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Deng dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni, òun ò dúró. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó tún dé nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Akuol pè wá, ó gbé fóònù síwájú ẹ̀. Fintan ti tẹ̀ síwájú lórí àga nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ẹnu ń yún un.

Ó ní, "Sọ fún un pé kó wo…"

Deng gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ."

Fintan kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà yí, jíà sọ̀rọ̀ kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó bọ́ sípò. Àwọn mọ́kànlá yòókù hó yèè. Fintan ní, "Ó ti yá jù mí lọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni.

Àwọn àgbà ìlú dé nígbà ìkórè bí wọ́n ṣe wí. Akuol ní ariwo òòlù àti irin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣe é ṣe, wọ́n yí padà lọ sílé. Ilé di ti àwọn ọmọ náà. Àwọn tó ń ránṣẹ́ sí Deng tún rán ẹnì kan wá. Ẹni náà gun kẹ̀kẹ́ wá, bíréèkì ẹ̀ ò mú. Deng tún un ṣe fún un, ó ní kó máa lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ti gba kọ̀nténà kẹta. Kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ti kún ṣẹ́ẹ̀dì Clonsilla, Niamh ti pe ìpàdé mẹ́rin. Deng fúnra rẹ̀ ló pè. Ó ní, "Bàbá Jimmy, ẹ kú làálàá. Ẹ má kó kẹ̀kẹ́ wá mọ́. Tìlú wa àti tàwọn ìlú tó yí wa ká ń dé lójoojúmọ́, ọwọ́ wa ò ká a. Àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ gan-an la ò rí ibi tí wọ́n máa jókòó sí."

Ẹ bá mi wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó ẹrù ránṣẹ́ láti èbúté Dublin. Mélòó nínú wọn ni wọ́n ti sọ fún rí pé ó tó?

Mo wọ kóòtù tó dáa jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo lọ sí ọ́fíìsì èbúté láti fagi lé kọ̀nténà. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní fọ́ọ̀mù ń béèrè ìdí. Ó kà wọ́n fún mi: ẹrù ò pé, ìwé ò pé, ọkọ̀ pẹ́, ogun. Ó ní èwo ni kí òun mú?

Mo ní kò sí nínú wọn. Mo ní, "Kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á."

Ó ní, "Kò sí àyè fún irú ìyẹn níbí, Jimmy."

Mo ní kó kọ ọ́ sí etí ìwé. Ó kọ ọ́. Mo ní kó kà á fún mi, ó kà á. Awakọ̀ mẹ́ta ló tò sẹ́yìn mi, gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Mo ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbóhùn sókè díẹ̀.